Igbà Tó Le Koko Mọ́ Láṣebìkan Lọ́wọ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ọmọdé tó ń fi ipá já bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ọkọ ìyàwó tí kò lè mú sùúrù ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé kí ni ohun náà gan-an tí wọ́n fagbára mú tó fi le koko, ẹ ó máa wò mí lójú ni. Ẹ mọ ẹ̀ka, ẹ kò mọ gbòǹgbò. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀. Bí wọ́n ṣe pa á fún mi nílé wa ni mo fẹ́ pa á fún yín, ẹni tó bá sì ní tirẹ̀, kó fi pamọ́ di ọjọ́ mìíràn.

Igbà ni. Okùn tí àwọn akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ ni.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìdọ́pẹ, ìdílé kan ní oko ọ̀pẹ ńlá. Ẹ̀ka méjì ni ìdílé náà pín sí, ìjà wọn kì í sì í tán lórí oko yìí, títí bàbá ńlá wọn fi fi òfin kan lélẹ̀ kí ó tó kú. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka àgbà yóò gun ọ̀pẹ tó ga jù nínú oko, yóò kọ ìdì ẹyìn àkọ́kọ́ sílẹ̀. Bó bá kọ ọ́, ẹ̀ka rẹ̀ ni yóò jẹ oko náà lọ́dún yẹn. Bí kò bá lè kọ ọ́, ẹ̀ka kejì yóò gùn ún, oko sì di tiwọn títí ọdún yóò fi yí po. Igbà bàbá ńlá náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi gùn ún. Ibi tí bàbá náà ń kọ́ ọ sí, ibẹ̀ náà ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ sí. Ẹni tó bá tú u láti mú un gùn sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun kì í ṣe ọmọ.

Láṣebìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wá já lé léjìká. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gun ọ̀pẹ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibà mú ẹ̀gbọ́n yìí lọ nígbà òjò, ó sì ku Láṣebìkan nìkan. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ayò ló bà á jẹ́. Bó bá ti jókòó sídìí ọpọ́n láàárọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò gbé iyán ọ̀sán bá a, ibẹ̀ náà ni wọn yóò gbé ti alẹ́ bá a. Kò sí ẹni tó lè pa á láyò ní gbogbo Ìdọ́pẹ, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ a ti dé ibi gbogbo kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ igbà náà yí i ká nídìí ọ̀pẹ, ojú tì í. Akọpẹ gbọ́dọ̀ lè fẹ̀yìn ti igbà, kí àyè wà láàárín òun àti igi tí yóò fi máa gbé okùn sókè. Láṣebìkan kò ní àyè kankan. Ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ pátápátá.

Ọláníhùn, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka kejì, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ gun ọ̀pẹ yìí ni, àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi Àwẹ̀ró, ìyàwó Láṣebìkan. Epo ni Àwẹ̀ró ń ṣe. Oko yẹn ni ẹyìn rẹ̀ ti ń wá, epo yẹn ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọmọ. Bí ọkọ rẹ̀ kò bá gun ọ̀pẹ, inú ilé wọn ni ebi yóò wọ̀.

Baba Ọ̀tọ́lórìn, àgbà ẹbí, ló pe Láṣebìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Akọpẹ ni òun náà nígbà èwe rẹ̀. "Àjàgbé," ó pè é ní oríkì, "iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni, ọyẹ́ ṣì jìnnà. Dín òkèlè alẹ́ rẹ kù. Fi ẹsẹ̀ rẹ rin oko láràárọ̀, kí o sì máa gun àwọn ọ̀pẹ kúkúrú tó wà lẹ́yìnkùlé. Kì í ṣe ikùn nìkan lo fẹ́ sọ nù o, o fẹ́ kí apá rẹ náà mọ iṣẹ́."

Láṣebìkan gbìyànjú, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ó ń rìn, ó ń làágùn, ó ń gun ọ̀pẹ kúkúrú, ó ń já bọ́, ó ń dìde. Nígbà tó yá, wọ́n tún kọ́ igbà náà yí i ká, okùn ti dẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju ìbú ìka kan lọ. Ìka kan ṣoṣo lẹ́yìn gbogbo òógùn yẹn! Inú bí i. Ó ka iye ìka tó kù, ó wo ojú ọ̀run, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni àjèjì kan wọ Ìdọ́pẹ, ó so àdó mọ́ ìgbànú yíká bí ẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn. Wọn kì í tán láyé, aṣọ wọn ló ń yí padà.

"Ẹ wo aboyún," ni ó ń kígbe láàárín ọjà. "Bí ebi tilẹ̀ ń pa á, ṣé ọmọ inú rẹ̀ kì í dàgbà? Ọ̀rá ara ìyá ni ọmọ ń jẹ! Omi ara aboyún ni mo fi ṣe oògùn inú àdó yìí. Ẹ̀kán mẹ́ta lábẹ́ ahọ́n láàárọ̀, yóò máa bá yín jẹ ọ̀rá ara yín láìsinmi. Èèwọ̀ rẹ̀ kò sì le: ẹ kò gbọdọ̀ jẹ ju ẹ̀kọ kan lọ lóòjọ́, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò fojú kan epo."

Láṣebìkan gbé àdó kan wálé. Àwẹ̀ró gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá Òkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná. Bí mo bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, tí mo ń fún un ní ẹ̀kọ kan lóòjọ́, ṣé kò ní rù? Kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀kán mẹ́ta?"

"Ẹnu rẹ ṣáá! Ṣé sùúrù ni n ó máa sè fún yín jẹ nígbà tí Ọláníhùn bá ń kó ẹyìn wa lọ?"

Àwẹ̀ró padà sídìí epo rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù náà ni ọkọ rẹ̀ dárúkọ yẹn.

Oògùn náà jẹ́, àbí kí n sọ pé ebi náà jẹ́. Ọ̀rá Láṣebìkan ń yọ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú, ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ayò rẹ̀ ń pariwo pé, "Háà! Láṣebìkan di ọmọge!" Nígbà tí wọ́n kọ́ igbà náà yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i, àyè tó wà níbẹ̀ tó kí èèyàn tún gbé ọmọ pọ̀n. Inú rẹ̀ dùn dé ọrùn. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé bí òun bá dìde lórí ẹní láàárọ̀, ògiri lòun ń dì mú kí òòyì tó dá. Kò sọ pé òun kò gun ọ̀pẹ kúkúrú mọ́, nítorí orúnkún òun ń gbọ̀n.

Ọyẹ́ dé. Gbogbo ẹbí péjọ sínú oko, ẹ̀ka àgbà lápá kan, ẹ̀ka kejì lápá kejì. Ọláníhùn kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rù, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé oko ti lọ.

Láṣebìkan kọ́ igbà, ó fi àdá há ìgbànú, ó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé okùn sókè, ó gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń hó. Ó tún gbé e, ó tún gùn ún. Ìgbà tó fi dé ìdajì ọ̀pẹ, ariwo wọn ti jìnnà sí i létí, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń fẹ́ erùpẹ̀ sí i lójú. Ibẹ̀ ni òòyì tó máa ń kọ́ ọ láàárọ̀ ti dé bá a.

Ojú rẹ̀ ṣú. Imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lókè rẹ̀ di méjì, ó di mẹ́ta. Òógùn tútù bò ó. Ó ní kí òun gbé okùn sókè, apá rẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, apá náà ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Àdá yọ nídìí rẹ̀, ó já lulẹ̀ gbì, àwọn tó wà nídìí ọ̀pẹ sì tú ká.

"Ó ń ṣubú o!" ni ẹnìkan kígbe.

Ẹ̀rù gba ọkàn Láṣebìkan. Ikú ló rí nísàlẹ̀ yẹn, ó hàn kedere. Ohun tí ẹni tí ẹ̀rù bá bà máa ń ṣe náà ló ṣe: ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ fa igbà, ó fẹ̀yìn tì í, ó ń jà á kíkankíkan pé kó bá òun sọ̀ kalẹ̀ kíá. Okùn náà há sáàárín àwọn kùkùté imọ̀ tí wọ́n ti gé, ó sì gan síbẹ̀. Bó ti ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i, tó ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn wọnú ẹran. Kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Ọláníhùn ti mú igbà tirẹ̀, ó ń sáré bọ̀ nídìí ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ oko kọ́ ló wà lójú rẹ̀ mọ́. Baba Ọ̀tọ́lórìn fọ̀pá dá a dúró. "Bí ọ̀pẹ yìí bá mì pẹ́nrẹ́n, ó ti já bọ́ nìyẹn, orí rẹ ni yóò sì bọ́ lé. Dúró." Lẹ́yìn náà, baba gbé ojú sókè, ó lọgun.

"Àjàgbé! Má fà á mọ́! Ohun tí o fagbára mú yẹn ló ń le koko mọ́ ọ lọ́wọ́ yẹn! Fẹ̀sọ̀ mú un!"

"Bàbá, mo ti kú!"

"Òkú kì í sọ̀rọ̀. Sún mọ́ igi. Dì í mọ́ra, kí okùn lè dẹ̀."

Ẹ̀rù ń ba Láṣebìkan láti jọ̀wọ́ okùn tó gbé e ró. Ta ni ẹ̀rù kò ní bà? Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó pa ojú dé, ó fi àyà lé ọ̀pẹ, okùn náà sì dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé kò gan rí.

"Ẹ̀sọ̀," ni baba wí. "Sún un wálẹ̀ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ó tó. Gbé ẹsẹ̀ kan. Sinmi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ̀, baba ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, Láṣebìkan ń ṣe é lókè. Nígbà tó bá ti fẹ́ yára, okùn a tún há, Àwẹ̀ró a sì figbe ta pé, "Bàbá Òkẹ́, ẹ̀sọ̀!" Oòrùn ti yẹ̀ lórí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bó ti kàn án, ó wó lulẹ̀, Àwẹ̀ró gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń sunkún, ó sì ń bú u.

Òfin kò mọ àánú. Ọláníhùn gun ọ̀pẹ, ó kọ ẹyìn, oko di tiwọn. Ọdún yẹn, ẹyìn ẹlẹ́yìn ni Àwẹ̀ró ń bá wọn gún, ìwọ̀nba epo tí wọ́n bá bù fún un ló ń gbé relé. Àjèjì olóògùn àdó ti lọ tipẹ́. Nígbà tí Láṣebìkan sì padà sídìí oúnjẹ, ọ̀rá tó lé lọ padà wá, ó tún kó ará ilé rẹ̀ dání. Ó sanra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó sunkún, ó nu ojú rẹ̀, ó lọ sẹ́yìnkùlé, sídìí ọ̀pẹ kúkúrú. Òkèlè kan ló ń dín kù, oko ló ń fẹsẹ̀ rìn. Ó jẹun yó níwọ̀nba, ó ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Igbà náà ń dẹ̀ ní ìbú ìka kan, ó pẹ́, ó tún dẹ̀ ní ìbú ìka kan. Àwọn ọmọ kéékèèké fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn.

Ọyẹ́ ọdún kejì, ó tún kọ́ igbà. Kò rù bíi ti èṣí, ikùn rẹ̀ ṣì yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀pẹ, ó dúró. Àwẹ̀ró yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin náà kàn ń sinmi ni. Ó mí, ó tún gbé okùn sókè, ó ń lọ. Ohun tí Àwẹ̀ró gbọ́ lẹ́yìn náà ni ìdì ẹyìn tó já lulẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Baba Ọ̀tọ́lórìn ti di òwe. Bí àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ fi ọjọ́ díẹ̀ tú ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dì, ìbáà ṣe ara tó fẹ́ mú rù, ìbáà ṣe ọrọ̀ tó fẹ́ kó jọ, ìbáà ṣe ìjà tó fẹ́ parí, yóò sọ fún un pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, pé àgbà ń fi pàrọwà fún àwọn ni. Ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pa á fún, àárín ọ̀run àti ilẹ̀ ló wà nígbà tó gbọ́ ọ.