Àwọn Adìẹ Tí Kò Mọ Ilẹ̀

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé ọgbà, ọgbà mì. Ó bà lé òrùlé, òrùlé ń jò. Ó wá rọra bà lé èjìká Adépèlé, obìnrin Ìdí-Ìyeyè.

"Kó dúró síbẹ̀ ká rí i!"

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹran àti èèyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, opó kan wà ní abà Ìdí-Ìyeyè, Adépèlé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ẹníafẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì wá gba ìtọ́jú nílé ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá ọmọ tuntun kì í fi ọbẹ̀ gbígbóná ṣeré.

"Ọbẹ̀ wo ni, Ìyá Àgbà?"

Ọbẹ̀ adìẹ ni, ọ̀kánjúwà. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní ìpẹ̀kun abà náà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Lájùwọ̀n. Adìẹ àgíríìkì ló ń sìn. Kì í jẹ́ kí wọ́n rìn. Àgò onírin ló kó wọn sí, àgò lórí àgò, adìẹ mẹ́rin nínú àyè tí ọ̀kan nínú yín kò lè jókòó sí. Tọ̀sán-tòru ni iná ń tàn lórí wọn. Bí wọ́n bá yé, ẹyin á yí gbirigbiri bọ́ síta, Lájùwọ̀n á kó o. Bí ẹyin wọn bá dínkù, á tà wọ́n fún ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Adépèlé ti ra márùn-ún. Ó tú wọn sílẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀, ẹnu sì yà á. Ìyẹ́ ti bó ní ọrùn wọn, àyà wọn pọ́n bí ojú ọgbẹ́.

"Ṣé òpìpì ni yín ni?" ó bi wọ́n.

Èyí tó wà níwájú fi ojú ọ̀tún wò ó, ó yí orí, ó fi ojú òsì wò ó.

"A ò mọ̀. Kí ni wọ́n ń pè ní òpìpì?"

"Adìẹ tí kò níyẹ̀ẹ́ lára."

"Kí ni wọ́n ń pè ní adìẹ?"

Láti ìgbà tí Adépèlé ti dáyé, kò sí ẹni tó bi í ní irú rẹ̀ rí.

Ó gbé omi kaná, ó pọ́n ọ̀bẹ, ó jáde wá mú èyí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Adìẹ náà kò sá. Adìẹ ilé ì bá ti gun orí ọgbà lọ. Ṣe ni èyí dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò mọ ibi tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

"Ìyá," ó ní, "kí ló wà lábẹ́ wa yìí?"

"Ilẹ̀ ni."

"Kò ní ihò?"

"Kò ní."

"Èèyàn lè gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé e?"

Adépèlé gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Inú bí i, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí inú ń bí òun sí. Ó wọlé.

"Màámi, ọbẹ̀ ń kọ́?" Ẹníafẹ́ bi í.

"Ó di ọ̀la."

"Kí ló dé?"

"N kò mọ̀. Adìẹ ló ń bi mí léèrè ilẹ̀."

Ẹníafẹ́ tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé kò rẹ̀ yín?"

Ẹja àrọ̀ ni wọ́n fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ariwo ta ní àgbàlá. Adépèlé sáré jáde. Àwọn adìẹ ń kọ lu ara wọn.

"Ta ló pa iná? Ta ló pa iná?"

"Kò sẹ́ni tó pa á. Oòrùn ló wọ̀."

"Ta ló ní kó wọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kó wọ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

Èyí wá dẹ́rù bà wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àgbàlá fẹ̀ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ kọ̀rọ̀ kan tí kò ju atẹ lọ ni wọ́n fún ara wọn mọ́, ọ̀kan lórí èkejì. Adépèlé tú wọn ká. Wọ́n tún padà lọ fún ara wọn mọ́bẹ̀.

"Ṣé ọ̀gọ̀ ni wọ́n ni, Ìyá Àgbà?"

Ohun tí Adépèlé náà rò nìyẹn. Dúró ná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan ti kú nínú kọ̀rọ̀ náà. Adépèlé kò mọ̀ bóyá òtútù ló pa á, tàbí pé sánmà ti fẹ̀ jù lójú rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sin ín. Ìgbà tó ń gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ẹran ọbẹ̀ ni òun sin yẹn. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rú u lójú.

Ó da àgbàdo sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Wọ́n ń ṣá a, ó ń bọ́. Ó tẹ̀ ba, ó wò wọ́n dáadáa: ṣóńṣó ẹnu wọn kò sí, ó rí bí ìgbà tí wọ́n fi nǹkan gé e. Ó gbé àgbàdo lọ sórí ọlọ, ó lọ̀ ọ́ fún wọn.

Díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan ha ilẹ̀. Eruku sọ, ó fò sẹ́yìn, ó ń wá ẹni tó ju eruku lu òun. Ó tún ha á. Òmíràn rí ekòló, ó gbé e, ó bẹ́ sí eré. Kò mọ ìdí tí òun fi ń sá. Àwọn yòókù gbá tọ̀ ọ́, àwọn náà ò mọ ìdí tí àwọn fi ń lé e. Ẹníafẹ́ tó ń fún ọmọ lọ́mú rẹ́rìn-ín títí ọmú fi bọ́ lẹ́nu ọmọ.

Èyí tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ni Adépèlé sọ ní Abéèrè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Abéèrè yé sínú agbọ̀n àlòkù kan ní ilé ìdáná. Ó dìde, ó dúró, ó ń retí kí ẹyin yí lọ. Ẹyin kò yí. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yà lọ́nà fún un. Ẹyin kò lọ. Ló bá fi orin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é: Kẹ́rẹnkẹ́.

Ẹyin mi kì í dúró o,
"Kẹ́rẹnkẹ́."
Ó ń yí gbirigbiri,
"Kẹ́rẹnkẹ́."
Òní ni mo rójú rẹ̀,
"Kẹ́rẹnkẹ́."
Ọmọ, kí ni n ó pè ọ́?
"Kẹ́rẹnkẹ́."

Adépèlé ti na ọwọ́ láti mú ẹyin. Ó ká ọwọ́ kò. Ó lọ fẹ́ná.

Nígbà tó yá, ìyẹ́ hù, àwọ̀ wọn padà, wọ́n sì ń yé déédéé. Ìròyìn dé etí Lájùwọ̀n. Ó gbé àgò onírin kan rù, ó mú igbá àgbàdo dání, ó pe Adépèlé àti àwọn adìẹ síwájú Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹran ọbẹ̀ ni mo tà fún Ìyá Ẹníafẹ́," ó ní. "N kò ta adìẹ tó ń yé fún un. Kó pa wọ́n jẹ, tàbí kó dá wọn padà fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́, kò sì jọ òtítọ́. Baálẹ̀ náà họ orí, họ irùngbọ̀n.

"Ọ̀rọ̀ yìí ta kókó," Baálẹ̀ ní. "Ẹ bi àwọn adìẹ. Ẹ̀yin adìẹ, ta ló ni yín?"

"A ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní níni," Abéèrè dáhùn.

Lájùwọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó ṣí àgò, ó gbọn igbá àgbàdo ṣàgàṣàgà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo adìẹ ti sáré lọ bá a.

"Háà!"

Háà ni. Wọ́n ń ṣá àgbàdo lẹ́nu àgò, wọ́n ń ṣá a, wọ́n ń sún mọ́ inú. Lájùwọ̀n na ọwọ́ láti ti Abéèrè wọlé. Abéèrè dúró. Ó fi ojú ọ̀tún wo ọwọ́ náà, ó fi ojú òsì wò ó.

"Mo mọ ọwọ́ yìí," ó ní. "Mo kéré nígbà náà. Òun ló gé mi lẹ́nu."

Lájùwọ̀n fi ọwọ́ sẹ́yìn, bí ẹni pé wọ́n ká a mọ́ ibi kan.

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Lájùwọ̀n, ẹran ọbẹ̀ kì í mọ ẹni tó gé e lẹ́nu. Èyí tó mọ̀ ọ́ yìí kì í ṣe ohun tí o tà; ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹníafẹ́ ló ti di adìẹ, òun ló ni ín. Gbé àgò rẹ máa lọ."

Àwọn adìẹ kúrò lẹ́nu àgò, wọ́n tẹ̀ lé Adépèlé. Lójú ọ̀nà ilé, Adépèlé kò lè mú un mọ́ra.

"Abéèrè, kí ló dé tí ẹ sáré lọ bá a?"

"Ebi ń pa wá."

"Kí ló wá dé tí ẹ padà?"

Abéèrè rò ó títí. "A ti yó."

Adépèlé kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun bínú. Ó kọjú sí ọ̀nà, ó ń lọ. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń bọ̀: wọ́n á dúró ha ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sáré kí wọ́n lè bá a.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má pe ẹni tí wọ́n há mọ́ ní ọ̀gọ̀. Ẹ fún un láyè ná, kí ẹ tó díwọ̀n ọgbọ́n rẹ̀. Ohun tó bá sì wà lábẹ́ ìtọ́jú yín, ẹran ni o, èèyàn ni o, ó ń wò yín, ó sì mọ̀ yín.

Ibi tí àlọ́ mi ká ìyẹ́ rẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bí n kò bá bù mọ́ ọn, kí ẹ gbọ́ ọ kó dún: kọ́, kọ́, kọ́.

"Ó dún, Ìyá Àgbà!"