Ìdọ̀bálẹ̀ Sùbérù Níwájú Kìnnìún

Olóyè Aríyìíbí, tó fi òwò pákó di olówó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn wo kìnnìún nínú igbó Kẹ́ńyà. Ó pe Sùbérù tó ń gé koríko ọgbà rẹ̀, ó ní: “Ìwọ lo máa ṣáájú mi. Bí kìnnìún bá yọ, ìwọ ni kó kọ́kọ́ jẹ. Bí o bá kọ̀, kó ẹrù ẹ kúrò ní yàrá ẹ̀yìnkùlé mi lónìí.” Sùbérù ní: “Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dán an wò nílé ná, kí n má lọ dójú tì yín lẹ́yìn odi.” Èyí dùn mọ́ Olóyè. Ó dúró sẹ́yìn Sùbérù nínú agbádá funfun, ó ní kí wọ́n tú ajá ńlá òun sílẹ̀, kó ṣe kìnnìún. Bí ajá ti sáré dé, Sùbérù dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀!” Ajá fò ó kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lé Olóyè láyà, ó sì tì í ṣubú sínú gọ́tà. Olóyè pariwo: “Ọ̀dẹ̀! Kí lo dọ̀bálẹ̀ fún?” Sùbérù kò gbé orí sókè. “Bàbá, ọba ẹranko mà ni. Irú èmi kì í nàró níwájú ọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nípọn lẹ lè dúró wò ó lójú.” Ajá ń lá Olóyè lẹ́nu. Olóyè ké: “Sùbérù, ilé lo máa ṣọ́! Máa gbé yàrá ẹ! Ṣáà dìde, wá fà mí sókè!” Sùbérù ní: “Mo fẹ́ dìde, bàbá, ṣùgbọ́n kábíyèsí ò tíì dá mi lóhùn.”