Ẹkún Fadérera

Bí Fadérera bá rí ẹni tí ara ń ni, omijé tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rín fi pa bàbá rẹ̀ nígbà tó ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lòun ń lọ.

"Ta ni yóò wá rẹ ta lẹ́kún, ìwọ tàbí aláìsàn?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń wí pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran," ló fi dá a lóhùn, ó sì lọ gba fọ́ọ̀mù.

Ọjọ́ tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé bàbá adẹ́mu kan wọlé. Ẹ̀gún ọ̀pẹ ló gún un lẹ́sẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì na ẹmú kékeré tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún sí Fadérera. Kò tíì kúnlẹ̀ tán tó ti bú sẹ́kún. Àánú ọmọ náà ṣe adẹ́mu.

"Dákẹ́, ọmọ mi. Kò kúkú dùn mí tó bẹ́ẹ̀."

"Mo ti yọ ọ́, bàbá," ni Fadérera wí. Ó fi òwú kan nu ojú ọgbẹ́, ó fi òmíràn nu ojú ara rẹ̀.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wo ẹ̀gún, ó wo adẹ́mu tó ṣì ń ṣìpẹ̀ fún un. "A ti gbà ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mú áńkáṣíìfù bọ̀ láti ilé. Òwú wa, ti aláìsàn ni."