Ọjọ́ Tí Àpótí Oyèníran Bunijẹ

Àwọn àgbà béèrè pé bí a bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la ó wá bunijẹ. Ní àdúgbò wa, ọ̀sán Sátidé ni.

Tíṣà Oyèníran fẹ̀yìn tì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ agbóhùnsókè ayé àtijọ́, èyí tí gílóòbù ń tàn nínú rẹ̀, kí Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ olóògbé kọ. Oṣù méjì ló fi parí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n iná àdúgbò wa kì í dúró sójú kan, Tíṣà sì ní òun kò ní fi ohùn àna òun lé irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí tí iná yóò máa gbà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyẹn gba ọdún mẹ́ta.

"Bàbá Dúpẹ́, ṣé n óò gbọ́ ohùn bàbá mi kí n tó lọ bá wọn lọ́run?"

"Ó ku wíwọn iná rẹ̀, Àyọ̀ká."

Fátókí télọ̀, ọ̀rẹ́ Tíṣà tó yà kí wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́ta lo fi pilẹ̀ wèrè, Oyèníran! Ọjọ́ wo lo máa bunijẹ?"

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ṣebí o ti yọ ọ́ kúrò lára iná!" Fátókí na ìka sí i. Kò mọ̀ pé àpótí náà ń fi iná pamọ́ sínú.

"Yéè! Ó bù mí jẹ!"

Tíṣà wo aago, ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Sátidé, agogo méjì. Ó ń ṣiṣẹ́."

Ó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì fi rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí i. Ohùn bàbá Àyọ̀ká jáde, kò gbọ̀n, kò yẹ̀. Àyọ̀ká ń sunkún, ó sì ń jó. Fátókí náà jó, pẹ̀lú ìka rẹ̀ lẹ́nu.