Ìbíwùmí Afetíríran àti Bọ́ọ̀lù Oníṣaworo

Àánú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn afọ́jú ìlú Ìsàdúnrin tán. Ogun ti ja ìlú náà rí, wọ́n ṣẹ́ ẹ; ọ̀dá ti dá, ìlú kò tú; ṣùgbọ́n àánú tí àwọn ará ìlú ń ṣe fún afọ́jú, kò sẹ́ni tí ó mọ ọ̀nà àtibá a jà, nítorí ta ni yóò kọ oore? Bí ọmọ kan bá ti pàdánù ojú, wọn a tẹ́ ẹní fún un ní ìdí ògiri, wọn a gbé oúnjẹ kò ó, wọn a sì máa kí ìyá rẹ̀ kú ìrọ́jú. Wọn kì í rán an níṣẹ́. Wọn kì í bá a wí. Bí ó bá la ẹnu sọ̀rọ̀, wọn a ní, "Ẹ gbọ́, ó ń sọ̀rọ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó lè ro oko, tí ó lè hun aṣọ, tí ó lè kọ́lé ara rẹ̀, yóò jókòó sójú kan títí ewú yóò fi bo orí rẹ̀. Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àánú náà gbé agbádá wọ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú, tí Ọ̀tún Adégbìtẹ́ jẹ́ alága rẹ̀, pinnu láti kọ́ ilé ńlá kan tí wọn yóò máa pè ní Ilé Àánú, kí wọ́n kó gbogbo afọ́jú sínú rẹ̀, kí wọ́n máa bọ́ wọn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ibi tí wọ́n yàn fún un ni ilẹ̀ tí sítọ́ọ̀ òwú àtijọ́ wà lẹ́bàá odò.

Inú sítọ́ọ̀ náà gan-an ni Ìbíwùmí wà. Ìbíwùmí Àjíkẹ́, ọmọ Ògúnṣeyè alágbẹ̀dẹ. Afetíríran, tí í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ tó dé. Òkìtì ọ̀gán tí í dábùú ọ̀nà bọ́ọ̀lù. Obìnrin tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ le bí irin tí bàbá rẹ̀ ń lù. Èéyì ni ó gba ojú rẹ̀ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Bàbá rẹ̀ kò tẹ́ ẹní fún un. Ẹwìrì ni ó fi lé e lọ́wọ́ ní ilé àgbẹ̀dẹ, ó ní kí ó máa fín iná. Nígbà tí ó gbó díẹ̀, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní ìlú òkèèrè, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ eré bọ́ọ̀lù oníṣaworo. Ẹni mẹ́ta ni í dúró ní ìhà kan, ẹni mẹ́ta ní ìhà kejì. Gbogbo wọn a fi ìbòjú dúdú di ojú, kí ẹni tí ó ń ríran bàìbàì má bàa rẹ́ ẹni tí kò ríran rárá jẹ. Ṣaworo wà nínú bọ́ọ̀lù náà, ó sì wúwo lọ́wọ́. Wọn a fi agbára yí i nílẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ ilé góòlù ní ìhà kejì a fi etí wá a, wọn a na ara wọn gbalaja láti dí i lọ́nà. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá ti ń yí, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ eré náà.

Nígbà tí Ìbíwùmí padà sílé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan lábẹ́ apá, ó gbá sítọ́ọ̀ òwú náà mọ́, ó fi okùn sàmì sí ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè mọ ààlà, ó sì ń lọ láti ilé dé ilé. "Ẹ dìde lórí ẹní," ni ó ń sọ. Àwọn ìyá ṣépè fún un, wọ́n ní ó fẹ́ pa ọmọ olọ́mọ. Síbẹ̀ Ràfátù jáde, ọmọ alápatà tí apá rẹ̀ le bí ọwọ́ odó. Fẹ́yíṣarà náà jáde, ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ojúde láti ìgbà èwe. Ọ̀kẹ́rindé, olùkọ́ kan tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, di kóòṣì wọn. Ọ̀pọ̀ tẹ̀lé wọn, débi pé ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ìró ṣaworo kò yéé dún lẹ́bàá odò.

Ní ọjọ́ kan Ọ̀tún Adégbìtẹ́ wá yẹ ilẹ̀ náà wò. Ó bá Ìbíwùmí níbi tí ó ti ń nu òógùn, ó sì yíjú sí kóòṣì. "Ọ̀kẹ́rindé, ṣé ó ti jẹun?"

"Olóyè, ẹ káàbọ̀," ni Ìbíwùmí dáhùn. "Ojú mi ni ó fọ́, etí mi kò di. Mo ti jẹun."

"Háà, ó mà gbọ́n o!" ni Olóyè tún wí fún kóòṣì.

Olóyè wá jókòó, ó ṣàlàyé Ilé Àánú náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún: oúnjẹ yóò wà, ibùsùn yóò wà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní fi ọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ láéláé.

"Olóyè," ni Ìbíwùmí wí, "kí ni a fi ṣẹ̀ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Olóyè. Ó rò pé inú Ìbíwùmí ni ó dùn jù.

Láìpẹ́, ìpè dé láti Ákírà ní ilẹ̀ Gánà pé àwọn ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ yóò pàdé níbẹ̀ láti fi bọ́ọ̀lù oníṣaworo díje, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn obìnrin Ìsàdúnrin wá. Ìbíwùmí gba ààfin lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, kí ẹ tó wó sítọ́ọ̀ wa, ẹ rán ẹnìkan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé tẹ̀lé wa. Bí ó bá padà wá sọ pé ẹni ẹní ni wá, a ó kó wọ Ilé Àánú, ẹ kò ní gbọ́ ohùn wa mọ́." Ọba ronú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún ni ó yàn.

Ìyà tí àánú Ọ̀tún fi jẹ Ìbíwùmí lọ́nà Ákírà, ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, yóò di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, yóò gbé e fò kọjá gọ́tà tí kò sí níbẹ̀. Ní ẹnubodè, ó ń bẹ àwọn aṣọ́bodè pé, "Ẹ ṣàánú wọn, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ojú wọn," bẹ́ẹ̀ gbogbo ìwé wọn pé, kò sì sẹ́ni tí ó dá wọn dúró. Ó ń gé ẹran fún Ràfátù, ọmọ alápatà! Nígbà tí wọ́n dé ilé ìgbàlejò, ó ń ka àtẹ̀gùn sókè fún Fẹ́yíṣarà bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì ka á ṣì. Àgbà ni, olóyè ni, inú rere ni ó sì fi ń ṣe é. A kì í bú irú wọn. Ìbíwùmí pa á mọ́ra, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀tá tí ó bá mú idà wá sàn ju èyí lọ, nítorí a lè gba idà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí ń gbé Ákírà ti gbọ́ pé ọmọ ilé dé. Wọ́n kún gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́ pẹ̀lú agolo, fèrè àti orin. Rẹfirí fọn fèrè tirẹ̀, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ayọ̀ bá tún bú jáde lẹ́nu wọn. Ìbíwùmí dùbúlẹ̀ sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù gba òsì kọjá. Ó dùbúlẹ̀ sí òsì, bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Fẹ́yíṣarà wọlé. Nígbà tí wọ́n dúró sinmi, kò lọ mu omi. Ó ní kí kóòṣì mú òun lọ sí iwájú àwọn òǹwòran, ó sì kọjú sí wọn.

"Ẹ̀yin ará ilé," ni ó wí, "ẹ kú ìfẹ́. Ẹ̀ ń lu agolo, ẹ̀ ń fọn fèrè, ẹ̀ ń kọrin pé a ó borí. Bí ẹnìkan bá da aṣọ bò yín lójú nígbà tí ẹ̀ ń sáré ní títì, tí ó wá ń pariwo pé òun fẹ́ràn yín, kí ni ẹ ó pe olúwarẹ̀? Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, ẹ hó títí òrùlé yóò fi ká. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yí, ẹ jọ̀ọ́, mo fi ọlá ìyá yín bẹ̀ yín, ẹ pa ẹnu dé!"

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìbíwùmí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn. Ọ̀tún Adégbìtẹ́ ni ó fò dìde láàárín ìdákẹ́jẹ́ náà, tí ó pàtẹ́wọ́, tí ó ní, "Ẹ kò gbọ́ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí?"

Àwọn oníṣòwò gbọ́ràn ju Olóyè lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu ara wọn. Àwọn obìnrin Ìsàdúnrin borí ní ọjọ́ náà, wọ́n borí ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì ń borí lọ títí ó fi ku àwọn àti ẹgbẹ́ kan láti ilẹ̀ Íjíbítì, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ọ̀tún ní òun ni olórí ikọ̀, pé orí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì ni òun yóò jókòó. Ta ni yóò dá olóyè lẹ́kun? Ọ̀kẹ́rindé sọ fún un lásọtúnsọ pé bí ará bẹ́ǹṣì bá fọhùn nígbà tí bọ́ọ̀lù ń yí, ìyà yóò jẹ ẹgbẹ́. Olóyè ní ó ti yé òun.

Eré náà gbóná. Bí ti ìhín bá wọlé, ti ọ̀hún náà a wọlé, títí àkókò fi ń tán lọ tí wọ́n sì wà ní ọgbọọgba. Obìnrin Íjíbítì kan yí bọ́ọ̀lù lọ́tẹ̀ yìí, ó bú bí ààrá. Ohùn kan là láti orí bẹ́ǹṣì: "Òsì! Ìbíwùmí ọmọ mi, òsì ni ó gbà!" Òsì Olóyè, tí ó kọjú sí wọn, ọ̀tún tiwọn ni. Fẹ́yíṣarà ṣi ọ̀nà gbà. Ràfátù ni ó fi orúnkún gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Fèrè rẹfirí dún. Pẹnárítì! Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò dúró ní ẹnu ilé góòlù tí ó fẹ̀ tó ojú títì, kí àwọn ọmọ Íjíbítì yí bọ́ọ̀lù sí i. Kóòṣì dárúkọ Ìbíwùmí, ó sì tọrọ ìsinmi ráńpẹ́.

Nínú ìsinmi náà ni Ìbíwùmí gbọ́ ohùn Ọ̀tún lọ́dọ̀ rẹfirí. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ yọ̀ǹda fún wọn. Ẹ ṣàánú. Afọ́jú ni wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó já okùn sùúrù rẹ̀. "Olóyè!" Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. "Afọ́jú ni àwọn ẹgbẹ́ kejì náà! Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, ẹ kò ṣe ibi kan sí mi rí. Oore yín nìkan ni mo ń sá fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà wá bí wọ́n bá lágbára jù wá lọ. A ó sunkún, a ó sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ má bá wa tọrọ ohun tí a wá jà fún." Ó mú ìbòjú kan láti inú àpò kóòṣì, ó nà án síwájú. "Ẹ gba èyí, ẹ dì í mọ́ ojú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ẹ fi etí wá a bí àwa náà."

Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ tí àgbàlagbà náà ṣí fìlà, tí rọ́bà ìbòjú sì ta pá mọ́ ìpàkọ́ rẹ̀.

Ìbíwùmí padà sí ẹnu ilé. Ó fi ọwọ́ wá okùn ilẹ̀, ó dúró ní àárín, ó tẹ orúnkún ba. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin Íjíbítì náà, gbì, gbì, gbì. Ṣaworo mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì bọ́ sílẹ̀. Òsì ni, igun pátápátá. Ó ju ara rẹ̀ lù ú bí ẹni bọ́ sódò. Bọ́ọ̀lù bà á ní àgbọ̀n, eyín rẹ̀ kan kán, bọ́ọ̀lù ta sókè, ó fẹ́ fo orí rẹ̀ wọlé. Ó na ọwọ́ tẹ̀lé ìró náà, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì dì mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà wọlé, kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ẹnu. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ràfátù mọ ibi tí ó wà, ó gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára ilé alápatà yí i. Ó wọlé. Fèrè ìparí dún kí ẹgbẹ́ kejì tó rí i san padà. Kóòṣì sọ fún Ìbíwùmí lẹ́yìn náà pé Olóyè ti ki fìlà rẹ̀ bọ ẹnu, pé wọn kò rí i yọ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ìsàdúnrin, ìlú gbé Ìbíwùmí sí èjìká láìbi í. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!" ni ó ń wí. "Ẹsẹ̀ mi kò ṣẹ́!" Wọn kò gbọ́. Ní ààfin, Ọba béèrè ohun tí Ọ̀tún rí. Ọ̀tún dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, àwọn ọmọ Íjíbítì kò rí wọn nà. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ nà wọ́n. Mo bẹ̀bẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n kọ́ ilé yẹn." Ó wá yíjú sí Ìbíwùmí fúnra rẹ̀. "Àjíkẹ́, èmi Adégbìtẹ́ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Kí ni kí a ṣe?"

Ó bi í léèrè, ó sì dúró gbọ́ èsì. Èsì Ìbíwùmí ni ó di òfin ní Ìsàdúnrin láti ọjọ́ náà, pé ẹni tí ó bá fẹ́ bá afọ́jú sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án kí ó tó bi í, kò sì gbọ́dọ̀ gba ẹnu ẹlòmíràn bá a sọ̀rọ̀. Ìbíwùmí ti di ẹni ilẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ òwú ṣì wà lẹ́bàá odò, Òde Afetíríran ni wọ́n sì ń pe gbogbo àdúgbò náà. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìdíje ńlá, ìlú a dá iṣẹ́ dúró. Wọn a pa ẹ̀rọ ìlọta, ọlọ́kọ̀ a pa ọkọ̀ rẹ̀, ìyá a fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu. Àlejò tí kò mọ̀, tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ní ìlú ní wákàtí náà, a máa rọra sún mọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá rí, a sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó kú?"

Wọn a ní, "Kò sẹ́ni tí ó kú. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ni."