Oríkì Òbúkọ Lára Ògiri Ọ̀kẹ́rẹ́

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Òótọ́ pọ́nńbélé ni o, mo fi irun orí mi búra! Ó dáa, ìdajì irun náà.

Àlọ́ mi já pàà, ó bọ́ sórí Ọ̀kẹ́rẹ́ tí kì í sinmi. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko sára ògiri amọ̀ ilé rẹ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, á ti kà á kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àtúnkọ ló nira. Kò lè pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́. Odindi ògiri ni yóò fọ̀. Ògiri tí wọ́n bá sì fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wíwó ni.

Òbúkọ dé. "Pa oríkì mi rẹ́, kọ 'Arẹwà Onírùngbọ̀n'!" Ọ̀kẹ́rẹ́ fọ ògiri. Lọ́jọ́ kejì, ó di "Baba Ìwo". Ọ̀kẹ́rẹ́ tún fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta: "Kọ 'Olóòórùn Dídùn'! Ojú ibi kan náà ni o!"

Àyà Ọ̀kẹ́rẹ́ já. Abẹ́ ògiri yẹn làwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ó kọrin, ẹ gbè é:

"Bàbá, ẹ má jẹ́ n fọ̀ ọ́ mọ́."
"Kẹ́rẹ́ńjẹ́!"
"Ilé á wó pa ọmọ mi."
"Kẹ́rẹ́ńjẹ́!"

Òbúkọ kọtí ikún. Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá sáré kọ oríkì tuntun sára ògiri mìíràn tó ṣófo, ó sì ya àmì ọfà tó júwe rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Oríkì mi dà?"

"Ẹ tẹ̀ lé ọfà, bàbá."

Òbúkọ kà á, ó dúpẹ́ gidigidi. Ògiri kò wó, àwọn ọmọ sì ń hanrun.

Ẹ fi irun mi sílẹ̀ o! Ọpẹ́ yẹn nìkan ni mo fi kún un. Òbúkọ wo ló dúpẹ́ rí?