Bíréèkì Tó Ń Rì

Ọkùnrin méjì kan wà, Tísà, tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe ọkọ̀ èrò o. Ọkọ̀ eré-ìje ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sáré fún wákàtí mẹ́fà gbáko, tí ẹnì kan kò lè dá wà á tán. Bó bá rẹ ẹ̀gbọ́n, á yà sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wọn lẹ́bàá ọ̀nà, á sọ̀ kalẹ̀, àbúrò á rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọjọ́ orí ni mo fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Inú ọkọ̀ náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń wọlé kò lè di bẹ́líìtì mọ́ra fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń bá a dì í. Bó sì ti ń dì í ni yóò máa sọ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe fún un: táyà ọ̀tún ti ń jẹ, epo ti dà sí kọ́nà kejì. Kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni tó ń wọlé wà nínú rẹ̀.

Ìdíje mẹ́fà ló wà lọ́dún náà. Ní ìkẹta, òjò rọ̀. Àbúrò wí fún ẹ̀gbọ́n pé omi ti dúró lẹ́bàá afárá, kó rọra. Ẹ̀gbọ́n rọra, ọkọ̀ méjì tó wà níwájú rẹ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ní ìkarùn-ún, ẹ̀gbọ́n fi ọkọ̀ gbá ògiri. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ kiri pé ó ti darúgbó, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọ egungun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ìdíje tó kẹ́yìn, àwọn ló sì wà níwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú. Ó mọ̀, Tísà. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, àwọn mẹkáníìkì á tú táyà láti tún un ṣe, àwọn tó wà lẹ́yìn á kọjá, ayé á tún ní ọwọ́ rẹ̀ ló bàjẹ́ sí. Ó rò pé bóyá á gbé wọn dé ìparí. Ó di bẹ́líìtì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó fà á le dáadáa.

"Ọkọ̀ dára. Máa lọ."

Àbúrò kò tíì yípo lẹ́ẹ̀karùn-ún tí bíréèkì fi kọ̀, ọkọ̀ sì lọ kọlu ògiri. Kò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ẹ̀gbọ́n lọ sí ọsibítù, ó ti to àwáwí sẹ́nu. Àbúrò kò bú u. Ó kàn bi í bóyá bíréèkì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí òun tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ǹ bá rọra."

Ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Tísà, ọjọ́ Ẹtì lo máa fi ilé-ìwé lé ọ̀gá tuntun lọ́wọ́. Wọ́n ti ń kọ́ orin ìdágbére, o sì ti kun gbogbo kíláàsì lọ́dà. Mo lọ síbẹ̀ lánàá. Ògiri kíláàsì kẹta ti lanu láti òkè délẹ̀, ọ̀dà ló bò ó. Nígbà tí mo bi ọ́, o ní o kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìgbà tìrẹ ló là. Àwọn ọmọ ń jókòó sábẹ́ ògiri yẹn! Obìnrin tó ń bọ̀ kò mọ nǹkan kan. Yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ, yóò tún dúpẹ́.

Má sọ fún un pé ilé dára. Mú un lọ síbi ògiri náà, kí o fi ìka hàn án. Ojú á tì ọ́. Jẹ́ kó tì ọ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé kì í hù mọ́.